Yàrá Kan Ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Kọ̀ọ̀kan: Ẹ̀bẹ̀ Nítorí Àwọn Òbí Àkàndá Ọmọ

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ 137 tó wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá, mo mọ̀ pé ìwé ẹ̀bẹ̀ kì í wọ́n lórí tábìlì yín. Ẹni tí afárá rẹ̀ já ń kọ ọ́, ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bàjẹ́ ń kọ ọ́, ẹgbẹ́ ọlọ́jà náà kò sì gbẹ́yìn. Àwọn tí mo ń bá bẹ̀bẹ̀ lónìí kì í sábà kọ̀wé sí yín, nítorí wọn kò ráyè jókòó kọ ọ́. Òbí àwọn ọmọ tí ọpọlọ tàbí iṣan ara wọn kò dàgbà bí ti ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n: ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, ọmọ tó ní Down syndrome, ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò dúró, tó pé ọdún mẹ́sàn-án tí kò tíì lè dá jókòó.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo òwúrọ̀ ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ń fọ aṣọ tí ọmọ tọ̀ sí lóru. Ògì tí àbúrò ọmọ náà gbé mu lẹ́ẹ̀kan náà, ṣíbí kékeré ni ìyá yóò fi máa fún ọmọ yìí. Yóò gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀, yóò ro ṣíbí kan sí i lẹ́nu, yóò dúró kó gbé e mì kó tó bu òmíràn, nítorí bó bá kánjú, yóò sá a lórí, ikọ́ yóò sì gbé e. Oúnjẹ àárọ̀ yẹn lè gba wákàtí kan. Bó bá wá pọ̀n ọ́n tán, ẹsẹ̀ ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kókósẹ̀ ìyá. Nígbà tí yóò bá fi dé ọjà, àwọn oníbàárà àárọ̀ ti rajà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n ti lọ. Bí ẹ bá sì rí i lọ́jà láìsí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ọmọ náà obìnrin ni kò lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ náà. Ìwé kánsù wo ni wọ́n kọ orúkọ irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ sí?

Bàbá ńkọ́? Àwọn kan dúró ti ìyàwó wọn gbágbágbá, Ọlọ́run yóò san án fún wọn. Àwọn mìíràn gbọ́ lẹ́nu ẹbí pé nǹkan bẹ́ẹ̀ kò sí ní ìdílé tiwọn, wọ́n sì kó ẹrù wọn lọ. Aládùúgbò kan yóò ní ìyá náà ló rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tó lóyún, òmíràn yóò ní ọmọ ejò ni. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà yóò fi kúrò ní ibi ìsọmọlórúkọ, kúrò ní ìpàdé ẹgbẹ́, títí tí kò fi ní lọ síbì kankan mọ́ àyàfi ọjà.

Kì í ṣe pé kò sí òfin. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2011, ó sì dá àjọ LASODA sílẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá. Ìjọba àpapọ̀ ṣe tiwọn, Ààrẹ Buhari sì buwọ́ lù ú ní oṣù Kìn-ín-ní 2019. Òfin yẹn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tọ́ sí àkàndá títí dé ìparí girama. Ó ní ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba tọ́ sí ẹni tí ìpèníjà rẹ̀ jẹ mọ́ ọpọlọ. Ó fún àwọn tó ni ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún un ṣe kí àkàndá lè wọlé níbẹ̀, ọdún márùn-ún ọ̀hún sì ti pé láti oṣù Kìn-ín-ní 2024. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn dé ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ ọ́fíìsì yín, kí ẹ bi nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti sọ fún un rí nípa ìtọ́jú ọ̀fẹ́ yìí.

Tèmi ni pé àwọn òfin wọ̀nyí rántí àkàndá, ṣùgbọ́n wọn kò fi bẹ́ẹ̀ rántí ẹni tó pọ̀n ọ́n. Ọmọ tí a ní kí ó lọ sí ilé ìwé ọ̀fẹ́, ta ni yóò gbé e débẹ̀, tí yóò sì dúró tì í? Bí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ bá yẹ̀, gbogbo ohun tí òfin kọ fún un ti di àlá.

Ìrànlọ́wọ́ wà o, àmọ́ ìlú ńlá díẹ̀ ló kóra jọ sí. Ilé ìwòsàn UCH wà ní Ìbàdàn, ti Aro wà ní Abẹ́òkúta, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà. Ilé ẹ̀kọ́ Modupe Cole wà ní Akọka, Atunda Olu wà ní Súrùlérè. Àwọn tí kì í ṣe ìjọba náà gbìyànjú púpọ̀: láti 2001 ni Down Syndrome Foundation ti ń bá àwọn òbí ṣe é, Patrick Speech and Languages Centre sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìkẹjà ní 2006. Kí ni ẹni tó wà ní Ṣakí tàbí ní abúlé kan lẹ́bàá omi ní Ìlàjẹ yóò fi èyí ṣe? Awakọ̀ yóò ní kó san owó ìjókòó méjì. Èrò ọkọ̀ yóò máa wo ọmọ tó ń pariwo bí ẹni wo olè. Bó bá sì dé ilé ìwòsàn tó bá ìyanṣẹ́lódì pàdé, owó ti lọ nìyẹn, kò sì ní tètè rí òmíràn.

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ni àgbáyé ń ṣe àyájọ́ Down syndrome, ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin sì ni ti ọ́tísíìmù. Àwọn èèyàn yín máa ń wá. Wọ́n á wọ búlúù, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á pín bisikíìtì. Ẹ ṣé, a dúpẹ́. Ìyá ọmọ á gbé e padà sílé pẹ̀lú fìlà búlúù lórí, ó tún di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Yàrá kan ni, nínú ilé ìwòsàn alábọ́dé kan, ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí i lọ́jọ́ ọjà, nígbà tí ìyá nílò àyè jù, kí ó lè gbé ọmọ sílẹ̀ láàárọ̀ kó sì wá gbé e lọ́sàn-án. Ẹ fi olùkọ́ kan síbẹ̀ tó kọ́ iṣẹ́ àkàndá. Láti 1977 ni wọ́n ti dá Federal College of Education (Special) tó wà ní ìlú Ọ̀yọ́ sílẹ̀, tó ń kọ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀; kí ẹ̀yin kàn gbà wọ́n síṣẹ́. Kí ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà máa rán ẹni tó mọ̀ nípa iṣan àti oríkèé wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ́ àwọn ìyá bí wọn yóò ṣe gbé ọmọ tí ẹ̀yìn wọn kò fi ní dá. Èyí tí mo kà sí jù níbẹ̀ kò ná yín ní kọ́bọ̀: àwọn ìyá yóò pàdé ara wọn. Ẹni tó ti ń rò pé òun nìkan ni yóò rí ẹlòmíràn tí ọmọ tiẹ̀ náà kì í sùn lóru, wọn yóò sì jọ sọ ọ́.

Ti àga ńkọ́? Àga tí ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò dúró lè jókòó sí, káfíńtà àdúgbò lè kàn án. Pákó ni, fóòmù, bẹ́líìtì tí a ó dè mọ́ àyà, àti tábìlì pẹlẹbẹ níwájú. Ohun tí káfíńtà kò lè dá ṣe ni wíwọn ọmọ náà, láti ìdí dé orúnkún, láti ìdí dé èjìká. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ni yóò wọ̀n ọ́n fún un. Ọmọ tó ti ń fẹ̀yìn lélẹ̀ wo àjà láti ìgbà tí wọ́n ti bí i yóò wá máa wo ojú èèyàn, oúnjẹ yóò sì rọrùn fún un láti gbé mì.

Ilé ìwòsàn alábọ́dé yìí kan náà lè dín iye irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kù. Ọmọ tí kò tètè sunkún nígbà ìbí, àti ọmọ tuntun tí ibà pọ́njú mú tí wọn kò tètè tọ́jú, wà lára àwọn tí ọpọlọ wọn ń farapa jù lọ́dọ̀ wa. Ẹyinjú ọmọ á pupa rúsúrúsú, àgbà ilé á ní kí wọ́n gbé e sí oòrùn àárọ̀, ọjọ́ á máa lọ. Kánfọ̀ tí a ń kó sínú aṣọ ọmọ tún ń dá kún un, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò gba òórùn rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Àìsí iná mànàmáná tí ẹ̀rọ ìtọ́jú ibà pọ́njú nílò kì í sì í ṣe àwáwí mọ́. Ìwádìí tí àwọn dókítà ṣe ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní erékùṣù Èkó, tó jáde ní 2015, àti òmíràn tí wọ́n ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn rẹ̀, fi hàn pé a lè ta ọ̀rá àkànṣe bo ọmọ lábẹ́ oòrùn, ọ̀rá tó ń dí ìtànṣán tó léwu tó sì ń jẹ́ kí èyí tó ń wo ibà náà kọjá. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Oòrùn lásán kọ́ o, kí ìyá kankan má ṣì mí gbọ́: nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n ló ń dúró tì í.

Mo mọ ohun tí ẹ óò sọ: owó dà? Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. N kò fẹ́ dá sí èyí tó wà láàárín ẹ̀yin àti gómìnà. Bí owó náà bá dé tán, bí kò sì tíì dé tán, owó oṣù olùkọ́ kan àti iṣẹ́ ọwọ́ káfíńtà kan kò ní kó kánsù sí gbèsè. Ẹ̀yin gómìnà náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ yín máa san owó fún ẹni tó ń tọ́jú iṣan àti ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, kó má jẹ́ ibà àti ìgbẹ̀bí nìkan.

Ìṣúnná owó ọdún tó ń bọ̀ kò ní pẹ́ dé iwájú àwọn káńsẹ́lọ̀ yín. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ ránṣẹ́ pe àwọn òbí wọ̀nyí wá sí gbọ̀ngàn kánsù, kí ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé ọmọ wọn dání, kí ẹ sì gbọ́ ti ẹnu wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ dákun, ẹ kọ yàrá náà sínú ìwé.