Olú Orí Ìtì Igi, Ta Ni Yóò Sọ Ọ́ Lórúkọ?

Ní ọdún 2020, orúkọ tuntun kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà MycoKeys: Trametes parvispora. Olú kan ni ó ń jẹ́ orúkọ yìí, igi òkú ni ilé rẹ̀, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sì ni wọ́n ti ṣa á. Boris Olou àti Nourou Yorou wà lára àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti Jámánì. Bí ènìyàn bá tú orúkọ náà palẹ̀, ohun tí ó ń sọ ni pé hóró tí olú náà fi ń bí irú rẹ̀ kéré. Orúkọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí olú yìí ti jáde kò sì hàn nínú orúkọ rẹ̀.

Òǹkàwé tí ó bá ti ṣẹ́gi rí ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ mọ irú àwọn olú bẹ́ẹ̀. Wọn kì í ṣe olú ọ̀gán tí wọ́n fi ń sebẹ̀. Wọ́n le bí awọ, wọ́n lẹ̀ mọ́ ìtì igi bí etí, ihò wẹ́wẹ́ sì kún abẹ́ wọn. Igi tí ó ti kú ni wọ́n ń jẹ títí yóò fi di ilẹ̀. Ikán àti iná ń kó ipa tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn olú yìí ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà.

Kí onímọ̀ tó lè fi ẹnu sọ pé irú kan jẹ́ tuntun, wàhálà rẹ̀ pọ̀. Ó ní láti kọ àwọ̀ olú náà sílẹ̀ kí ó tó gbẹ, kí ó kọ irú igi tí ó wà lára rẹ̀, kí ó sì ka iye ihò tí ó wà nínú mìlímítà kan. Yóò sá a gbẹ. Yóò fi abẹ fẹ́lẹ́ gé e wínníwínní, yóò sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wọn hóró rẹ̀, tí kò ju ìdá díẹ̀ lọ nínú ẹgbẹ̀rún ìdá mìlímítà kan. Lóde òní, wọ́n tún ń ka ADN rẹ̀, èyí tí í ṣe àkọsílẹ̀ àjogúnbá inú ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí. Gbogbo èyí ni yóò fi wé àwọn tí wọ́n ti sọ lórúkọ tẹ́lẹ̀. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n kó ní Áfíríkà sì wà nípamọ́ ní Kew ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Meise ní Bẹ́ljíọ̀mù. Bí kò bá jọ ọ̀kankan, wọn yóò yan ẹyọ kan tí yóò máa ṣe ẹlẹ́rìí orúkọ náà. Láti 2013, orúkọ olú tuntun tí kò bá sí nínú ìforúkọsílẹ̀ àgbáyé kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó yẹ kí ó ká àwọn ará ibí lára jù. Títí di òpin 2011, Látìn nìkan ni òfin gbà fún àpèjúwe irú tuntun. Láti 2012, ó gba Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn. Ó parí síbẹ̀. Faransé kò sí níbẹ̀, ká má tilẹ̀ wá sọ Yorùbá. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí ó fi Faransé kàwé láti kékeré ní láti fi èdè ẹlòmíràn ròyìn ohun tí ó rí nínú igbó bàbá rẹ̀! Lóòótọ́, òfin kan náà gbà kí wọ́n fa orúkọ irú yọ láti inú èdè yòówù, ṣùgbọ́n kò gba àmì ohùn: ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó bá fẹ́ wọlé yóò bọ́ àmì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí náà, ibi tí Yorùbá ti lè dúró ṣinṣin ni pélébé ìwé tí wọ́n ń so mọ́ olú náà: orúkọ tí ará abúlé pè é, pẹ̀lú àmì ohùn, orúkọ igi tí ó gbé e, àti ohun tí wọ́n ń fi ṣe.

Àwọn kan yóò ní orúkọ ìbílẹ̀ kò ṣe é gbára lé, pé irú olú mẹ́wàá lè wà lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí olú pupa fòò tí ń yọ lára igi òkú lójú oòrùn. Linnaeus pè é ní Boletus sanguineus ní 1763, nígbà tí gbogbo olú abihò ṣì wà pọ̀ nínú Boletus. Ó ti di Polyporus rí; ó di Pycnoporus ní 1904; lónìí, Trametes ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń pè é, ó wá di ìbátan olú tuntun ti 2020. Kò sí ẹni tí ó pe ìyẹn ní àìmọ̀kan. Ní 1975, B. A. Oso kọ̀wé nípa olú àti àwọn Yorùbá Nàìjíríà sínú Mycologia, ó sì fi hàn pé ìmọ̀ ilé àti ìmọ̀ ìwé lè jókòó pọ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀, De Kesel, Codjia àti Yorou ṣe ìwé atọ́nà ní 2002, ṣùgbọ́n olú jíjẹ ni ó dá lé. Àwọn olú líle orí igi ṣì ń retí tiwọn.

Iṣẹ́ yìí kò ju agbára kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lọ. Àgbàlagbà tí ó ti parí ìwé ìbẹ̀rẹ̀ ń wá ohun tí yóò kọ, gbólóhùn àdàkọ ni wọ́n sì ń fún un títí yóò fi sú u. Ta ni ó mọ ìtì igi jù ú lọ? Kí olùwádìí tí ń wọ igbó bíi ti Toui-Kilibo mú un dání gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí alárùú nìkan. Kí wọ́n san owó rẹ̀, kí orúkọ tirẹ̀ náà sì wà nínú àkọsílẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, kí wọ́n fi ojú ìwé kan ní Yorùbá ránṣẹ́ padà sí abúlé. Ìtì igi kò dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí ọkọ̀ èédú ń kó o lọ sí Kùtọnu, olú tí kò tíì lórúkọ ń bá a lọ. Pélébé ìwé kan àti bíìkì kan ni ó kù kí wọ́n fi kún ẹrù tí wọ́n ń gbé wọ igbó.