ÌMÚRASÍLẸ̀ ÀWỌN TÍ Ń KỌ́ ÀWỌN ÈWE NÍNÚ ÌJỌ

Bí ọjọ́ Ìkórè bá ku oṣù mẹ́ta, díẹ̀ ni ìjọ tí kì í yan ìgbìmọ̀ sí i nínú ìlú wa. A ó pín ẹgbẹ́, a ó kọ orúkọ, a ó fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́lá, àwọn akọrin a sì máa péjọ ní alẹ́ títí ohùn wọn yóò fi dọ́gba. Àwa kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí èyí. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé ìjọ kan náà tí ó fi oṣù mẹ́ta múra de ọjọ́ kan ṣoṣo, kì í fi wákàtí kan péré múra de àwọn èwe tí ó ń kọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi 52 nínú ọdún.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí. Agogo yóò ti lù kí olùkọ́ tó dé, yóò ṣí ìwé, yóò sì bi àwọn ọmọ léèrè pé, “Níbo ni a bá a dé?” Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ó bá gbọ́ ìbéèrè yìí ti mọ ipò tí òun wà lọ́kàn àwọn àgbà ìjọ. Ní ìjọ kan tí a kì yóò dárúkọ, ó ṣojú wa nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bèèrè ìdí tí olè fi kó ìsọ̀ ìyá òun, obìnrin tí kì í pa ìsìn òwúrọ̀ jẹ. Olùkọ́ dáhùn pé kí ó má ṣe bèèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ ní ilé Ọlọ́run. Ọmọ náà kò bèèrè mọ́ lóòótọ́. A kò sì rí i ní kíláàsì náà mọ́. Olùkọ́ yìí kì í ṣe ènìyàn búburú. Ìwé Jóòbù wà nínú Bíbélì tí ó mú lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò rò ó tẹ́lẹ̀ pé òun yóò nílò rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Àwọn tí ó ṣáájú nínú iṣẹ́ yìí kò fi ọwọ́ dẹngbẹrẹ mú un. Nígbà tí Robert Raikes, tí ó jẹ́ oníwèé ìròyìn gẹ́gẹ́ bí àwa náà, bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ọmọ jọ ní Gloucester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1780, obìnrin mẹ́rin ni ó gbà sí iṣẹ́ ìkọ́ni, ó sì ń san ṣílè kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún iṣẹ́ òòjọ́. Lẹ́yìn èyí, William Alexander Smith, olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní Glasgow, rí i pé àwọn ọmọkùnrin kì í fara balẹ̀ ní kíláàsì. Òun pẹ̀lú jẹ́ ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun afínnúfíndọ̀, ó sì mọ̀ pé ọ̀dọ́ a máa gbọ́ràn bí iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́ bá létò. Síbẹ̀ kò sáré lọ lu agogo. Òun àti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tí wọ́n ń jẹ́ Hill jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n yan orúkọ, ète, àmì àti òfin, kí ọmọ kan tó wọ inú gbọ̀ngàn ní ọjọ́ 4 oṣù October 1883. Smith kò tíì pé ọmọ ọdún 29 nígbà náà. Ẹgbẹ́ Boys' Brigade tí ó ti ibẹ̀ jáde dé Èkó ní 1908. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìlù àti fèrè wọn ní ìgboro, kí ó rántí pé ìdí tábìlì ni ó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ojú títì.

Àwọn kan yóò wí pé Ẹ̀mí Mímọ́ ni yóò fi ọ̀rọ̀ sí olùkọ́ lẹ́nu. Àwọn tí a bá fà lọ síwájú gómìnà àti ọba nítorí ìgbàgbọ́ ni a ṣe ìlérí náà fún nínú Ìhìnrere Mátíù, kì í ṣe ẹni tí ó lo alẹ́ Sátidé nídìí àríyá. Ajayi Crowther náà gbàdúrà. Síbẹ̀ 1843 ni ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde, ó sì di 1850 kí Ìwé sí àwọn ará Róòmù tó jáde ní èdè wa. Bẹ́ẹ̀ ni aláró Abẹ́òkúta kì í da ẹ̀lú sí omi eérú kí ó sì ki aṣọ oníbàárà bọ̀ ọ́ ní ọjọ́ kan náà. Ó ń fi ọjọ́ mélòó kan dúró kí aró tó dára.

A mọ̀ pé akọ̀wé àti oníṣòwò ni ọ̀pọ̀ àwọn olùkọ́ wọ̀nyí, tí ó ti rẹ̀ wọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Nítorí náà kì í ṣe wọn nìkan ni a dá lẹ́bi. Ìgbìmọ̀ ìjọ ni ó jẹ̀bi jù. Kí wọ́n ya wákàtí kan sọ́tọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sìdeè, kí àwọn olùkọ́ jọ ka ẹ̀kọ́ tí ń bọ̀, kí wọ́n sì bi ara wọn ní àwọn ìbéèrè líle tí àwọn ọmọ lè bèèrè. Kí wọ́n mú díẹ̀ nínú owó Ìkórè ra ìwé fún wọn. Kí olùkọ́ mọ ilé tí ọmọ ti wá àti iṣẹ́ tí ó ń kọ́, nítorí ẹ̀kọ́ tí ó yẹ ọmọ ilé-ìwé gíga lè má yẹ ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀.

Ní ìpàdé ìjọ yín tí ń bọ̀, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ fi sùúrù bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà, ẹni tí yóò kọ́ àwọn èwe ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n sọ fún un.