Iná Orí Kì í Ṣe Iná Ààrò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá túmọ̀ iná yìí sí ‘feu’ lédè Faransé, òwe náà ti kú, nítorí iná ààrò kò ní ẹ̀jẹ̀. ‘Pou’ ni ọ̀rọ̀ tó yẹ. Bí ó bá ju ẹyọ kan lọ, ‘poux’ ni. ‘Lente’ ni ẹyin rẹ̀. Kwarkwata ni àwọn Haúsá ń pè é.

Èrò tèmi ni pé a ń fojú tín-ín-rín irú ọ̀rọ̀ ilé báyìí. Olùkọ́ tí yóò fi iná orí ọmọ tó òbí létí ní Òṣogbo, tàbí ní Kétu nílẹ̀ Benin tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ ọmọ, kò gbọdọ̀ ṣì í sọ. Ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá sí Faransé tí Michka Sachnine gbé jáde ní 1997 wúlò, àmọ́ ẹni tó mọ ohun tó ń wá ló ń ràn lọ́wọ́.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ wa tó bá lọ ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní Iléṣà kọ́kọ́ bi àwọn onídìrí léèrè ohun tí Ìjẹ̀ṣà ń pe iná orí àti ẹyin rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.