Ẹ̀yin Òbí, Ẹ Má Fojú Kéré Fíìmù Apanilẹ́rìn-ín

Ọ̀rọ̀ fíìmù ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí. A kì í ṣe ọ̀mọ̀wé nínú iṣẹ́ eré. Ará Onírèké lásán ni wá, tí a máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Dùgbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti lọ wo sinimá, bí owó tíkẹ́ẹ̀tì bá wà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sanwó wòran lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èyí tí ó dùn mọ́ ọn.

Oríṣi fíìmù méjì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé: èyí tí ń pa ni lẹ́rìn-ín, àti èyí tí ń já ni láyà, tí a kò ní mọ ẹni tí ó pànìyàn títí yóò fi kù díẹ̀ kí wọ́n tan iná. Ọ̀pọ̀ òbí tí a mọ̀ kì í jẹ́ kí ọmọ wọn fojú kan èkejì yìí. Wọ́n ní yóò kọ́ ọ ní ìwà ọ̀daràn. Àwàdà ńkọ́? Wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kì í pànìyàn." Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá Sàlá, ìyẹn Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Àwọn àgbà inú wa kò lè gbàgbé bí ó ṣe ń fara hàn lórí tẹlifíṣàn Ìbàdàn níbí, pẹ̀lú táì ọrùn tí ó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Ara rẹ̀ ni ó fi ń ṣẹlẹ́yà. Nínú Ọ̀run Móoru, tí Ọlá Balógun darí ní 1982, oníjìbìtì kan fi ìlérí ọrọ̀ òjijì tan ọkùnrin náà títí ó fi di òtòṣì. A fi ojúkòkòrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, kò sì sí ẹni tí ó jáde tí ó wù láti dà bí i rẹ̀. Ó dunni pé olè ja fíìmù náà gan-an: wọ́n dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á káàkiri, gbèsè sì wọ Bàbá Sàlá lọ́rùn. (Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ní kásẹ́ẹ̀tì náà nílé, ẹ bá wa bi í pé ọwọ́ ta ni ó ti rà á.)

Ẹ wá wo A Tribe Called Judah, ti Fúnkẹ́ Akíndélé, tí ó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2023. Òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí owó ìwọlé rẹ̀ ní sinimá kọjá bílíọ̀nù kan náírà. Ìyá kan bí ọmọkùnrin márùn-ún, àìsàn kíndìnrín dé sí i, owó ìtọ́jú kò sí. Ni àwọn ọmọ bá gbìmọ̀ pọ̀ láti lọ ja ilé ìtajà ńlá kan lólè. Fíìmù náà dára, ìfẹ́ ìyá sí ọmọ hàn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo hóòlù ni ó ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń gbèrò olè, àwa náà ń rẹ́rìn-ín, a tilẹ̀ ń gbàdúrà nínú wa pé kí ọlọ́pàá má rí wọn mú. Ẹ̀rín ti sọ wá di ẹgbẹ́ olè, kò sì sí ẹni tí ó fura.

Ìtàn ajánilàyà kì í ṣe àjèjì sí wa. Láti 1969 ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti kọ Àjà Ló Lẹrù, tí ọ̀pọ̀ wa kà nílé ìwé, tí a ń bá Lápàdé tọpa àwọn ọ̀daràn. A kò gbọ́ pé ó sọ ẹnikẹ́ni di adigunjalè.

Èyí tí ó wọ̀ wá lára jù ni October 1, tí Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, gbé jáde ní 2014. Ọdún 1960 ni ìtàn náà wáyé, òmìnira ku díẹ̀, wọ́n sì ń pa àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ní abúlé kan. Ni ìjọba bá rán ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí ń jẹ́ Danladi Waziri lọ síbẹ̀. Sadiq Daba ni ó ṣe ipa náà, ó sì ṣe é bí ẹni pé òun gan-an ni. Kò sí ẹni tí ó gbè lẹ́yìn apànìyàn nínú hóòlù. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn tí kò tíì wò ó. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bà á jẹ́ ni ìwà tí àgbàlagbà kan tí wọ́n fi í sí lọ́wọ́ hù sí i nígbà tí ó wà lọ́mọdé, tí kò sì rí ẹni tí yóò bá a gbèjà. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń fọmọ síbi ẹ̀kọ́, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí wọ́n ń fa ọmọ lé lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwàdà mélòó ni ó ti bi wá ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀?

A kò sọ pé kí ọmọ kékeré lọ wò ó. Àwọn tí ó ti ń múra ìdánwò àṣekágbá ni a ní lọ́kàn, kí bàbá tàbí ìyá sì jókòó tì wọ́n. Ní ti A Tribe Called Judah, ẹni tí ó bá mú ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ ni yóò dá a lóhùn, nígbà tí wọ́n bá ń gòkè bọ̀ ní Onírèké, tí ọmọ bá béèrè ìdí tí gbogbo àgbà fi ń pàtẹ́wọ́ fún olè.