Adìẹ Tí Lúkúlúkú Mú, Inú Ọbẹ̀ Ta Ni Yóò Bọ́ Sí?

Láyé àwọn baba wa, adìẹ tí a fẹ́ fi ṣe àlejò kì í ṣe ohun tí à ń rà ní pípa. Láàyè ni onílé yóò mú un, àlejò yóò sì rí i kí ọ̀bẹ tó kan ọrùn rẹ̀. Lọ́jà pẹ̀lú, ẹni tó fẹ́ ra adìẹ yóò gbé e wò bóyá ó wúwo, yóò wo ojú rẹ̀ àti ogbe orí rẹ̀, yóò sì fẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti mọ bí ara ti rí. Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí lè rò pé àpọ́nlé lásán ni. Lójú tèmi, ẹ̀rí ni. Onílé ń fi hàn pé kì í ṣe òkúǹbete, adìẹ tó kú fúnra rẹ̀, ni òun fẹ́ fi bọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Àṣà yẹn ń bọ́ lọ́wọ́ wa, nítorí pé adìẹ ti kúrò ní ohun ẹ̀yìnkùlé. Láti Ọ̀dà àti Àkúrẹ́ títí dé Oǹdó, iṣẹ́ ajé ni. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni à ń kó pọ̀ sínú àgọ́ kan ṣoṣo. Inú ọ̀rá ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń bá a pàdé. Bóyá ó kú kí ọ̀bẹ tó dé ni o, bóyá ó wà láàyè ni o, ẹni tó tà á nìkan ló mọ̀.

Ìgbà ọyẹ́, tí lúkúlúkú bá wọ àgọ́, ni ọ̀rọ̀ máa ń le jù. Ẹ fi ara yín sí ipò ọlọ́sìn adìẹ. Ó ti yáwó ra oúnjẹ fún wọn. Ọrùn àwọn kan ti lọ́, ìgbẹ́ wọn ti di àwọ̀ ewé, ó sì mọ̀ pé láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó lè má ku ẹyọ kan. Ọkàn rẹ̀ yóò ní kí ó yára dúńbú èyí tó kù, kí ó kó o fún àwọn olóúnjẹ. Àwáwí kò sì wọ́n: ṣebí lúkúlúkú kì í pa ènìyàn? Òótọ́ ni, ojú pípọ́n ni ó sábà ń fà fún ẹni tó bá fọwọ́ kan adìẹ náà. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún un pé lúkúlúkú ni? Àmì rẹ̀ jọ ti àrùn ẹyẹ tí gbogbo ayé ń pè ní bird flu tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àfi àyẹ̀wò irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Vom, nítòsí Jos. Oṣù kejì ọdún 2006 ni wọ́n kọ́kọ́ rí bird flu yìí ní ilẹ̀ Áfíríkà, nínú oko adìẹ kan ní ìpínlẹ̀ Kaduna. Ní oṣù kìíní ọdún 2007, ó pa obìnrin kan ní Èkó, ẹni ọdún 22.

Síbẹ̀, n kò sí lára àwọn tó ń pariwo pé ojúkòkòrò nìkan ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ní ọdún 2006 náà, ₦250 ni ìjọba ní òun yóò san lórí adìẹ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá pa dànù, bẹ́ẹ̀ ni owó ọjà ju ìyẹn lọ. Ẹni tó kéde àrùn pàdánù, ẹni tó dákẹ́ tó sì tà jèrè. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ìjọba tó bá fẹ́ kí ọlọ́sìn jẹ́wọ́ gbọ́dọ̀ san iye tí adìẹ tó, kí ó sì tètè san án. Lẹ́yìn náà ni yóò lẹ́nu láti fi òfin mú ẹni tó bá ta òkú fún wa.

Ti ẹyin kò yàtọ̀. Àkọlé ara egbòogi adìẹ ń sọ iye ọjọ́ tí a kò gbọ́dọ̀ ta ẹyin adìẹ tó lò ó. Ó dunni láti da kíréètì lórí kíréètì nù, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́kù egbòogi inú ẹyin bẹ́ẹ̀ lè kọ́ kòkòrò àrùn bí a ti í yè é, kí ọmọ tó bá ṣàìsàn lọ́la sì lo irú egbòogi kan náà láìrí ìwòsàn.

Ní ti àwa òǹrajà, adìẹ ààyè ṣì wà ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Kì í ṣe pé òun náà kò lè lárùn. Kí ẹni tó ṣe é fi ọṣẹ fọwọ́, kí ẹran sì jinná dé egungun. Ṣùgbọ́n ojú wa yóò wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pa á. Owó ẹni tí yóò bá wa tu ìyẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ jù fún mi láti san.