Kí Ọmọ Ka Nǹkan Kí Ó Tó Kọ Nọ́ńbà

Ẹ̀yin ará wa, ta ni nínú wa tí kò mọ baba àgbẹ̀ kan tí ó ká kòkó, tí ó fọ́ ọ, tí ó sá a, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ẹni tí ń ra kòkó náà ni ó ń bá a ka ojú ìwọ̀n? Ẹni tí kò lè ka ohun ìní rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò máa sọ iye rẹ̀ fún un. Àwa kò fẹ́ kí irú èyí bá àwọn ọmọ wa.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta bí ẹni ń kọrin títí dé ogún. Ṣùgbọ́n bí a bá da èkùrọ́ méje sílẹ̀ níwájú wọn, ẹnu wọn a wọhò. Orin ni wọ́n mọ̀. Wọn kò tíì mọ òǹkà.

Kí ọmọ máa fi ọwọ́ kan èkùrọ́ kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń kà á. Kí ó má ṣe fo ọ̀kan, kí ó má sì ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó mọ̀ pé èyí tí ó kà gbẹ̀yìn ni iye gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ni kí a kọ 7 sínú iyanrìn, kí ó fi ìka tọ ipa rẹ̀, kí ó sì kó èkùrọ́ méje tì í.

Láti 11 dé 14, ẹnu wa ń fi kún ẹ̀wá. Láti 15 dé 19, ó ń dín kúrò nínú ogún. Ìwé kọ 16 ní ẹ̀wá kan àti ẹyọ mẹ́fà. Àwa ń pè é ní ẹ́rìndínlógún. Ẹ ka ogún èkùrọ́ sílẹ̀, kí ọmọ mú mẹ́rin kúrò, kí ó sì pín ìyókù sí ẹ̀wá kan àti mẹ́fà. Nígbà náà ni yóò mọ̀ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Àwọn kan yóò wí pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí a fi kọ́ wọn. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti ẹ̀kọ́ mìíràn fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọn kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti ọdún kẹrin.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1955, ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní alẹ́ òní, ẹ bu èkùrọ́ ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ pe ọmọ yín jókòó.