Ọdẹ Kọ́ Ni Ọ̀tá Ẹranko

Ní ìpàdé àwa olùkọ́ Yorùbá kan láìpẹ́ yìí, ọ̀rẹ́ mi kan dìde, ó ní ó tó àkókò kí á yọ ìjálá kúrò nínú ohun tí à ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé. Àwọn ọmọ rẹ̀ a máa wo Wild Kratts, eré orí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tí ó ń kọ́ ọmọdé bí a ti í dáàbò bo ẹranko igbó. Ó ní ẹ̀mí ẹranko ni eré náà ń dá sí, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ẹranko ni oníjàálá ń gbà. Ọ̀pọ̀ nínú wa pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi kò pàtẹ́wọ́.

Ó dà bí ẹni pé ọ̀rẹ́ mi kò fara balẹ̀ wo eré tí ó ń yìn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Martin àti Chris Kratt, ni ó dá a sílẹ̀. Ọdún 2011 ni ó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a óò rí àwọn méjèèjì lọ́dọ̀ ẹranko gidi. Wọn a sọ ohun tí ó ń jẹ, bí ó ti ń rìn àti bí ó ti ń sá fún ewu. Lẹ́yìn èyí ni wọn a di àwòrán, tí wọn a sì gbé agbára ẹranko náà wọ̀ bí ẹ̀wù. Ta wá ni ọ̀tá inú eré náà? Donita Donata ni, tí ó fẹ́ fi ẹranko ṣe ọ̀ṣọ́. Gourmand ni, tí ó fẹ́ sè wọ́n. Zach Varmitech ni, tí ó fẹ́ sọ wọ́n di ẹrú ẹ̀rọ rẹ̀. Ojúkòkòrò ni eré náà ń bá jà.

Kí wá ni oríkì ẹranko nínú ìjálá ń ṣe? Àwọ̀ ẹranko, ìrìn rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ àti ìwà rẹ̀ náà ni ó ń kà sílẹ̀. Ìwé tí Adébóyè Babalọlá kọ lórí ìjálá ní 1966 fi hàn pé apá pàtàkì ni irú oríkì bẹ́ẹ̀ jẹ́ nínú iṣẹ́ oníjàálá. Ẹni tí kò bá fojú sí ẹfọ̀n pẹ́ kò lè kì í. Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kọ ọ́ pé àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Mélòó nínú wọn ni ó mọ̀ pé erin ṣì wà nínú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn?

N kò sọ pé ọwọ́ ọdẹ mọ́. Ìbọn rẹ̀ ni à ń gbọ́, àwa tí à ń jẹ ẹran ìgbẹ́ nídìí ẹmu sì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2019, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, àwọn aṣọ́bodè Singapore gba ìpẹ́ akika tí ó lé ní tọ́ọ̀nù 25, nínú ẹrù méjì tí ó ti Nàìjíríà wá, tí ó sì ń lọ sí Vietnam. Ọdẹ wo ni ó ní ọkọ̀ òkun? Nínú igbó Ọmọ kan náà, àwọn kan tí wọ́n ti ṣe ọdẹ rí ni wọ́n ń ṣọ́ igbó lónìí. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí ó mọ ipasẹ̀ erin ni ó lè ṣọ́ erin.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọmọ bá wo eré àwọn Kratt tán, ẹ fi oríkì ẹranko kan tí ó mọ̀ tẹ̀ lé e, kí ó wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ tí èkejì kò sọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń múra ìdánwò, bí wọ́n bá bi yín ní ìwúlò ìjálá, ẹ má ṣe dúró sórí ìbọ Ògún àti ìdárayá nìkan. Ẹ kọ ọ́ pé ìwé ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni, kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí a bá lé ọdẹ kúrò nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ta ni yóò sọ orúkọ ẹranko fún ọmọ wa ní èdè Yorùbá?